Ẹ́ńjìnnì ọ́tò nínú ọkọ̀ mánúwà: ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Hilux tó ń gbé kòkó láti àwọn abà Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Èéfín búlúù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, gíà kìíní ló sì fi ń gun òkè tó ń fi gíà kẹta gùn tẹ́lẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí wọ́n lọ wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Èyí tí wọ́n rí tó mọ́, tí owó rẹ̀ kò gani lára, ara ọkọ̀ ọ́tò, èyí tó ń pa gíà dà fúnra rẹ̀, ni wọ́n ti tú u. Ibẹ̀ ni awuyewuye ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní kò lè wọ ọkọ̀ mánúwà bíi Hilux yìí, tí awakọ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó pa gíà dà, láéláé. Ẹlòmíì á ní ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́, kí wọ́n ṣáà gbé e sínú ọkọ̀.

Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Bí ẹ́ńjìnnì méjì bá jẹ́ irú kan náà, písítìn wọn, fáàfù wọn, ṣéènì táímìn wọn àti orí ẹ́ńjìnnì wọn kì í sábà yàtọ̀, ìbáà jẹ́ ọ́tò ìbáà jẹ́ mánúwà. Ibi méjì ni ìyàtọ̀ pọ̀ sí: ìrù ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti pàdé gíàbọ́ọ̀sì, àti wáyà tó ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá mójú tó ibi méjèèjì yìí á gbé ẹ́ńjìnnì ọ́tò sínú mánúwà, ọkọ̀ á sì ṣiṣẹ́ bíi pé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fojú fo ọ̀kan á tú gíà yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí oṣù tó parí.

Ẹ jẹ́ ká fi 3RZ-FE ti Toyota ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́rin ni, lítà 2.7. Wọ́n fi í sínú Tacoma láti 1995 dé 2004, wọ́n fi í sínú 4Runner láti 1996 dé 2000, ó sì wà nínú Hilux bákan náà. Tacoma àti 4Runner tó jẹ́ ọ́tò pọ̀ nínú àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu tí ẹni tó lọ sí ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó lọ wá 3RZ fún Hilux mánúwà bá bá èyí tó ní ìrù ọ́tò pàdé. Ẹ́ńjìnnì Camry tàbí Sienna kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìbú ni wọ́n gbé ìyẹn sínú ọkọ̀, torí àwọn táyà iwájú ló ń wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Òòró ni ti píkọ́ọ̀pù, gíà rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á fi ẹ́ńjìnnì Camry sínú Hilux yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ má gbà.

Ohun tó wà ní ìrù ẹ́ńjìnnì

Bí wọ́n bá tú gíà ọ́tò kúrò, ohun tí ẹ ó rí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni pléètì irin kan tó fẹ́lẹ́ bí àwo tánganran, tí eyín sitátà yí etí rẹ̀ ká. Flex plate ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe: ó di torque converter mú, ó sì fún sitátà ní eyín tí yóò yí. Kọnfátà yẹn ni agolo irin ńlá tó kún fún ọ́ìlì. Nínú rẹ̀, bíléèdì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ń ti ọ́ìlì lu bíléèdì ti gíà, bí ìgbà tí ẹ bá gbé fáànù méjì kọjú síra tí èyí tí ẹ tan ń fẹ́ èyí tí ẹ kò tan títí tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ́ìlì ló wà láàárín wọn, irin kò gbá irin mú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ọ́tò fi lè dúró nínú D níwájú iná ojú pópó láì kú.

Ti mánúwà kò rí bẹ́ẹ̀. Fíláíwíìlì ló wà níbẹ̀, irin tó nípọn, tó wúwo, tí ojú rẹ̀ dán. Ojú dídán yẹn ni dísìkì kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́. Ìwúwo rẹ̀ ló sì ń gbé ẹ́ńjìnnì yí láti iná sìlíńdà kan dé iná ìkejì, kó má baà máa ta gìrì, kó má sì kú nígbà tí ẹ bá ń jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lórí òkè. Flex plate kò ní ojú tí dísìkì lè lẹ̀ mọ́, kò sì ní ìwúwo; kọnfátà tó kún fún ọ́ìlì ló ń bá a ru ìyẹn. Nítorí náà, flex plate á kúrò, fíláíwíìlì ẹ́ńjìnnì àtijọ́ á bọ́ síbẹ̀.

Bóòtì wọn ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Flex plate fẹ́lẹ́, bóòtì rẹ̀ sì sábà máa ń kúrú. Bí ẹ bá fi bóòtì kúkúrú yẹn de fíláíwíìlì, òwú díẹ̀ ló máa gbá mú nínú kiráńkì (ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì tí písítìn ń yí), ọjọ́ kan á sì já pẹ̀lú ẹrù lórí. Bóòtì fíláíwíìlì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi sípánà tó ń ka agbára fún un. Lórí 22R, ẹ́ńjìnnì Toyota mìíràn, agbára tí ẹ ó fi fún bóòtì fíláíwíìlì jẹ́ 108 N·m, ti flex plate jẹ́ 83 N·m. Ẹ rí i pé wọn kì í ṣe ọgba. Àwọn ẹ́ńjìnnì míì wà tí wọ́n á kọ́kọ́ fún bóòtì díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tún yí i ní igun 90, nítorí náà iye tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu gan-an ni kí ẹ béèrè, ẹ má fi ti ẹlòmíì dípò. Ẹ fún wọn ní ìdojúkọ-ìdojúkọ, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Bí flex plate bá ní wáṣà róbótó ńlá níwájú tàbí lẹ́yìn, wáṣà yẹn kò bá fíláíwíìlì lọ. Ẹ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà tó yẹ kí ẹni tó ní ọkọ̀ Ford mọ̀. Wọ́n fi ìwúwo ẹ̀gbẹ́ kan sára fíláíwíìlì tàbí flex plate àwọn kan láti fi mú kí ẹ́ńjìnnì má gbọ̀n. Lórí Ford 302, ìwúwo náà jẹ́ 28 ounce-inch tẹ́lẹ̀, ó wá di 50 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí ẹ bá gbé fíláíwíìlì ti 28 sórí ẹ́ńjìnnì ti 50, gbígbọ̀n á jẹ bíárìn kiráńkì run. Ti Toyota sìlíńdà mẹ́rin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà yẹn.

Ihò àárín kiráńkì

Bí ohun kan bá wà tí a fẹ́ kí ẹ rántí ní ọjà, ihò yìí ni. Ó wà ní àárín gbùngbùn ìrù kiráńkì. Nínú mánúwà, bíárìn kékeré kan jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní pílọ́ọ̀tì bíárìn, orí ọ̀pá gíà sì wọ inú bíárìn náà. Òun ló ń di ọ̀pá yẹn mú kó wà ní àárín. Nínú ọ́tò, imú kọnfátà ló ń wọ ihò náà, kò nílò bíárìn, nítorí náà wọn kì í fi í sí i.

Ohun mẹ́ta ni ẹ lè bá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ihò náà tóbi bákan náà pẹ̀lú ti mánúwà, tó jẹ́ bíárìn nìkan ló kù. Èyí ló dára jù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi òrùka irin kan sínú rẹ̀ fún imú kọnfátà, bí Nissan ti ń ṣe. Ẹ fà á yọ kí ẹ tó fi ti mánúwà sí i, torí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ọ̀pá gíà kò ní wọlé. Ó sì tún lè jẹ́ pé wọn kò gbẹ́ ihò náà tán, pé ó kéré tàbí kò jìn tó. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, lè gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kiráńkì gbọ́dọ̀ jáde kó tó lè gbẹ́ ẹ ní àárín gan-an, ìyẹn ni pé ẹ ó tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ fi èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá òmíràn.

Nítorí náà, ẹ má sanwó kí ẹ tó rí ihò yìí. Ẹ ní kí oníṣòwò tú flex plate. Ẹ mú pílọ́ọ̀tì bíárìn tuntun lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi wọn ẹnu ihò náà, kí ẹ sì fi rúlà wo bó ṣe jìn tó. Nọ́ńbà ara bíárìn máa ń sọ ìwọ̀n rẹ̀: 6201 jẹ́ mìlímítà 12 nínú, 32 lóde, 10 ní nínípọn. Èyí tó ní 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ rà, torí róbà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà fún un ní girísì mọ́ lẹ́yìn tí gíà bá ti wọlé. Nígbà tí ẹ bá ń gbá a wọlé, etí òde rẹ̀ ni kí ẹ máa gbá, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a dọ́gba. Ẹni tó bá gbá àárín rẹ̀ ti bà á jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ á rìn láìsí bíárìn yìí. Òótọ́ ni, á rìn. Ṣùgbọ́n orí ọ̀pá gíà á máa mì, dísìkì kò ní já kúrò lára fíláíwíìlì dáadáa, rìfáàsì á máa han gooro bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ariwo á máa jáde nígbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Níkẹyìn, bíárìn iwájú gíàbọ́ọ̀sì á jẹ. Gíàbọ́ọ̀sì tó dára lọ torí bíárìn kékeré kan tí wọn kò rà. Ó máa ń dùn wá, torí pé kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì tó wọ ọkọ̀

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ti ṣí sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn kiráńkì. Owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ tí wọ́n á fi dé ibẹ̀ nígbà míì kò kéré, ọ́ìlì tó bá sì ti ibẹ̀ jò sára dísìkì á jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀.

Ẹ fi irin gbọọrọ ti kiráńkì síwá sẹ́yìn, kí ẹ fi gééjì wọn bó ṣe ń rìn. Lórí 22R, 0.02 sí 0.22 mìlímítà ló yẹ kó jẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju 0.30 lọ. Ẹni tó ń lọ sí ọjà kò ní ní gééjì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ojú bá lè rí i pé kiráńkì ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ti kọjá ààlà. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ń ti kiráńkì síwájú. Ẹ ro iye ìgbà tí awakọ̀ ń tẹ ẹ́ láti Ọjà Ọba dé Road Block ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Bíárìn tó ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kò lè gba ìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wọn ìfúnpọ̀ sìlíńdà bákan náà. Ti 22R jẹ́ 171 psi bó bá wà ní pípé, 142 ni ìsàlẹ̀ tó ṣì dára, ìyàtọ̀ láàárín sìlíńdà kan sí èkejì kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ẹ́ńjìnnì tí gbogbo sìlíńdà rẹ̀ ń ka 150 sàn ju èyí tí mẹ́ta ń ka 170 tí ìkẹrin ń ka 120.

Dówẹ̀lì méjì wà lára búlọ́ọ̀kù, irin kúkúrú róbótó tó ń mú kí gíà jókòó sí ojú ibi tó yẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń tú gíà ọ́tò, wọ́n lè bá a lọ tàbí kí wọ́n bọ́ sọnù. Bóòtì kò lè ṣe iṣẹ́ wọn, torí ihò bóòtì máa ń ní àyè díẹ̀. Bí wọn kò bá sí, ẹ yọ ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Pléètì pẹlẹbẹ tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti bell housing (ìkarahun iwájú gíà tó bo kílọ́ọ̀ṣì) náà, ti mánúwà ni kí ẹ lò. Bẹ́ẹ̀ sì ni sitátà: èyí tó ń bá fíláíwíìlì yín ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ dá padà, torí jíjìn eyín rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ọ́tò.

Ẹ rí i báyìí pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò tíì di pàǹtí. Fíláíwíìlì, bóòtì rẹ̀, dówẹ̀lì, apá síìtì ẹ́ńjìnnì, sitátà, àti nígbà míì sọ́ńpù ọ́ìlì (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì), ara rẹ̀ ni gbogbo wọn á ti wá. Kí ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin gbé e lọ kí ẹ́ńjìnnì tuntun tó ṣiṣẹ́.

Ẹ gbé fíláíwíìlì lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kó fá ojú rẹ̀. Ojú tó ti jóná, tó ní àmì búlúù tàbí ìlà sísán, á jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa gbọ̀n. Dísìkì tuntun gbọ́dọ̀ ní iye eyín kan náà pẹ̀lú ọ̀pá gíà yín, kó sì fẹ̀ tó ojú fíláíwíìlì. Ẹ fi bọ ọ̀pá gíà kí ẹ tó dé e. Ẹ̀gbẹ́ kan dísìkì ló kọjú sí fíláíwíìlì, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí i lára. Ẹ fi irin ìtọ́ka tàbí ọ̀pá gíà àlòkù mú un wà ní àárín, kí ẹ wá dé pressure plate, irin tó ń tẹ dísìkì mọ́ fíláíwíìlì, lé e. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, 19 N·m ló ń gbà.

Lẹ́yìn èyí ni gíà á wọlé, ibí yìí sì ni sùúrù ti pọn dandan. Ọwọ́ ni ẹ ó fi ti gíà wọlé títí etí bell housing á fi kan búlọ́ọ̀kù yíká, láìfi bóòtì fà á. Bí àyè bá ṣì kù láàárín wọn, ohun kan ló ń dí i: dísìkì kò wà ní àárín, bíárìn pílọ́ọ̀tì kéré jù, tàbí ihò kiráńkì kò jìn tó. Ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi bóòtì fà á wọlé á fọ́ etí bell housing tàbí kó ṣẹ́ dísìkì.

Ọ̀rọ̀ brain box

Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ oníkábúrétọ̀, bíi 22R, ẹ lè fo apá yìí. Ìwọ̀nba okùn tó lọ láti kábúrétọ̀ sí gíà ọ́tò ni ẹ ó yọ.

Fún ẹ́ńjìnnì tó ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, brain box mánúwà yín àti wáyà rẹ̀ dúró síbi tí wọ́n wà. Bí sẹ́ńsọ̀ tàbí ẹnu wáyà kan bá yàtọ̀, ẹ tú ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kó wá. Kò sí ìdí tí brain box ọ́tò fi gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ náà.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí irú ẹ́ńjìnnì padà, bíi kí ẹ yọ 22R kí ẹ fi 3RZ sí i. Ẹ nílò brain box àti gbogbo wáyà tó bá a wá, bó bá sì jẹ́ ti ọ́tò ni wọ́n fún yín, ó máa wá gíà tirẹ̀ tì. Á wá sọ́lénọ́ìdì tó ń pa gíà dà, kò ní rí i, á tan iná ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kóòdù àṣìṣe P0750 tàbí P0753. Á wá síwíìṣì tó ń sọ bóyá ẹ wà ní P, R, N tàbí D, á kọ P0705. Á wá eré ọkọ̀, á kọ P0500. Nígbà míì á máa yí àìdù (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ dúró) padà torí ó rò pé ẹ wà nínú D. Brain box mánúwà ti ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń tán èyí pátápátá. Bí ẹ kò bá rí i, rẹ́wáyà tó mọ iṣẹ́ lè fún un ní àmì P/N àti àmì eré ọkọ̀ láti ara gíà yín, ṣùgbọ́n kò dájú pé iná á kú.

Ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ohun gbogbo tàn, sitátà kò dún. Wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, wọ́n á pààrọ̀ sitátà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ọ́tò, iná sitátà ń gba inú síwíìṣì P/N kọjá, kí ọkọ̀ má baà fò nígbà tó bá wà ní D. Nígbà tí gíà ọ́tò ti kúrò, ojú ọ̀nà yẹn já. Wáyà nípọn méjì tó ń lọ síbẹ̀ ni kí rẹ́wáyà so mọ́ síwíìṣì ìsàlẹ̀ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì, kó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó jí. Síso wọn pọ̀ lásán ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí gíà wà ní ìkíní, ọkọ̀ á fò síwájú.

Bí ọkọ̀ tí wọ́n tú brain box náà lára rẹ̀ bá jẹ́ irú tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì á yí, kò ní jí. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan sì ń ka ìyípo kiráńkì láti ara eyín fíláíwíìlì tàbí flex plate; fún irú wọn, iye eyín orí fíláíwíìlì gbọ́dọ̀ bá ohun tí brain box mọ̀ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná kò ní ta.

Àwọn tó kù

Sọ́ńpù ọ́ìlì lè forí gbá irin abẹ́ ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ara irú ọkọ̀ míì wá. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ páìpù tó ń fa ọ́ìlì nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Rádíétọ̀ ọkọ̀ yín lè dúró. Bó bá jẹ́ ti ọ́tò ni ẹ fi sí i, ẹ kàn dí ihò méjì tí ọ́ìlì gíà ń gbà, omi kò ní gba ibẹ̀ jáde.

Kí ẹ tó jí i, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, kí ẹ fi sitátà yí i títí iná ọ́ìlì á fi kú. Ẹ yọ atẹ́gùn inú kílọ́ọ̀ṣì. Jí i, tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí o wọ rìfáàsì. Kò gbọdọ̀ han gooro. Bó bá han, ẹ yẹ ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì wò kí ẹ tó dá gíà lẹ́bi. Fún nǹkan bíi 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa rìn nínú ìlú pẹ̀lú ẹrù kékeré. Dísìkì tuntun kò tíì jókòó dáadáa, bí ẹ bá sì kó ẹrù pákó gun òkè Ọ̀kà Àkókó pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ ó gbóòórùn iná.

Ẹ́ńjìnnì tuntun ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn kò sì bá ìwé ọkọ̀ mu mọ́. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí wọ́n tún un kọ. Ẹ ya nọ́ńbà náà ní fọ́tò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀. Bó bá ti wọ inú ọkọ̀ tán, páìpù àti wáyà lè bo ojú ibẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ni ẹ ó fi kà á.